Ta Ló Ń Bọ́ Ewé Inú Omi Rẹ?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwa tá a fẹ́ràn ọgbà ní Ìbàdàn nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò yọ nǹkan púpọ̀ kúrò, àfi ibi tí iná ti lọ tí gbogbo wa fi dákẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, tí àga ò kárí, ẹ kú ìdúró. Alága, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ wà nídìí oúnjẹ, òórùn ọbẹ̀ yín ti dé ọ̀dọ̀ mi, torí náà ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní pẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bàbá tó gbàdúrà ní kí ọ̀rọ̀ wa tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi gan-an ṣe àmín, ohùn mi tiẹ̀ ròkè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pọ́ǹdù nínú ọgbà ilé yín, ta ni omi tirẹ̀ tòrò láàárọ̀ yìí? Ẹ nawọ́ sókè ká rí yín.

Ẹni méjì. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi wà nínú tiyín ṣá? (Ẹ̀rín.)

Ẹ ò dá wà. Iṣẹ́ mi ni pọ́ǹdù. Mo ń gbẹ́ ẹ, mo ń mọ ọ́n, mo ń dí èyí tó bá jò. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. A ó rẹ́ sìmẹ́ǹtì ẹ̀ dáadáa, a ó to òkúta sí etí ẹ̀, a ó da omi bohóòlù sí i, a ó kó ẹja pupa díẹ̀ àti ẹ̀pìyà sí i. Lọ́jọ́ kìíní, owó kọ́bọ̀ tó bá bọ́ síbẹ̀, o lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Onílé á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ lókè òkun. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, fóònù mi á dún. "Ẹ̀gbọ́n, omi yìí ti di àwọ̀ ewé o. Oògùn wo ni kí n dà sí i?"

Oògùn wo ni kí n dà sí i? Ìbéèrè yẹn ni mo wá bá jà lónìí. Torí ìbéèrè tó yẹ ká máa béèrè yàtọ̀ sí i. Ohun tó bá ń sanra, ẹnì kan ló ń bọ́ ọ. Ta ló ń bọ́ ewé inú omi rẹ?

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀

Bó o bá bu omi pọ́ǹdù yẹn sínú gíláàsì, tó o gbé e sójú oòrùn, o ò ní rí ewé kankan. Àwọ̀ lásán lo máa rí. Àwọ̀ yẹn gan-an ni ewé náà. Ohun ẹlẹ́mìí ni, wọ́n kéré débi pé ojú ò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Wọn ò ní gbòǹgbò, wọn ò ní ẹ̀ka, àmọ́ iṣẹ́ tí ewé iṣu ń ṣe lóko náà ni wọ́n ń ṣe nínú omi: oòrùn ni wọ́n fi ń se oúnjẹ wọn. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní algae. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹlòmíì á ní omi ti dà bí ewédú, ẹlòmíì á ní omi ti hu ewé. Èmi á máa pè é ní ewé omi, kí ọ̀rọ̀ lè yá.

Irú mẹ́ta lẹ máa bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni èyí tó pò pọ̀ mọ́ omi, tó sọ gbogbo ẹ̀ di ọbẹ̀. Èkejì dà bí irun orí, ó ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti ara ògiri, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Bó o bá ki igi bọ̀ ọ́, tó o ń yí igi náà, á máa wé mọ́ ọn bí òwú ṣe ń wé mọ́ ìrànwú. Ẹ̀kẹta, n ó fi sílẹ̀ ná. Òun ló ní oró, ó yẹ kó ní àyè tiẹ̀.

Ṣé ọ̀tá wa ni gbogbo wọn? Rárá o. Àwọn tó ń sin ẹ̀pìyà fún títà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìgbẹ́ adìyẹ sínú omi kí ó lè ṣe àwọ̀ ewé díẹ̀, torí oúnjẹ ni fún ọmọ ẹja. Omi tó mọ́ gaara bí omi inú ọ̀rá, ẹja ò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Nítorí náà mi ò wá sọ fún yín bẹ́ ẹ ṣe máa pa á run. Kò ṣeé pa run. Atẹ́gùn ń gbé e wá, ẹsẹ̀ ẹyẹ ń gbé e wá. Àṣejù rẹ̀ là ń bá wí.

Ta ló ń bọ́ ọ?

Ẹ rántí àpò ajílẹ̀ tẹ́ ẹ ń rà fún àgbàdo. Kí ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára? NPK. N yẹn ni náítírójìn. P yẹn ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. K ni pòtásíọ̀mù. Ohun tó ń mú àgbàdo yín yọ ọmọ náà ló ń mú ewé omi gbilẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, P yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ní ilẹ̀ Kánádà, lágbègbè Ontario, adágún kan wà tí wọn ò tiẹ̀ fún lórúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n fún un: Adágún 226. Ìbàdí ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti kèrègbè, apá kan lókè, apá kan nísàlẹ̀. Ní ọdún 1973, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ David Schindler àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ta aṣọ ike sí ìbàdí yẹn, adágún di méjì. Wọ́n wá da ṣúgà sí apá méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ̀mí, ṣúgà. Wọ́n da náítírójìn sí apá méjèèjì. Àmọ́ apá kan péré ni wọ́n da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́ ọn fún. Oòrùn kan náà ló ń ràn sí méjèèjì, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí méjèèjì. Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀?

Apá tí kò rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà bó ṣe wà. Apá kejì di ewédú! Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, bẹ́ ẹ bá rí fọ́tò yẹn, ẹ ò ní bi mí ní ìbéèrè mọ́. Aṣọ ike kan ṣoṣo ló wà láàárín dúdú àti àwọ̀ ewé.

Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé oòrùn ló ba omi yín jẹ́, ẹ ní kó sinmi. Oòrùn lọ́wọ́ sí i, òótọ́ ni, ewé kankan ò lè hù nínú òkùnkùn. Àmọ́ oòrùn tó ràn sí apá tó mọ́ náà ló ràn sí apá tó bàjẹ́.

Ó dáa. Nínú ọgbà ilé tiwa, ibo ni P yẹn ti ń wá? Oúnjẹ ẹja ni olórí. Ẹ gbọ́ èyí náà.

Ìyá kan wà ní apá Àkóbọ̀ níbí, ó pè mí pé omi òun ò gbọ́ oògùn. Ẹja ẹ̀pìyà mẹ́wàá ló wà nínú pọ́ǹdù náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Mà, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fún wọn lóúnjẹ lójúmọ́?" Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré, láàárọ̀, kí òun tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó dáa, mo ní kí wọ́n fún mi ní àga kan. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wọn. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjìlá, ẹni tó ń ṣọ́ géètì bọ́ wá pẹ̀lú agolo. Ó wẹ̀yìn wò, ó da ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣe ń fún wọn lóúnjẹ?" Ó ní, "Àwọn ẹja yìí ń jìyà, Màdáàmù kì í rántí wọn lọ́sàn-án." Kò jọ mí lójú. Ní aago mẹ́ta àwọn ọmọ-ọmọ ti ilé ìwé dé, báàgì wà lẹ́yìn wọn síbẹ̀, wọ́n mú búrẹ́dì wọn dé etí pọ́ǹdù. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá fúnra ẹ̀ tó ń jáde kì í wo ẹja kó má ju nǹkan sí wọn.

Ẹni mẹ́rin! Kálukú rò pé òun nìkan ni aláàánú ilé. Ẹja mẹ́wàá ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ mẹ́rin. Èyí tí wọn ò lè jẹ ń wọlẹ̀, ó ń jẹrà. Èyí tí wọ́n jẹ, wọ́n ń yà á. Méjèèjì ló di ajílẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Inú ilé ni ẹni tó ń bọ́ ewé omi ń gbé, ó sì fẹ́ràn ẹja.

Kí la ṣe? Oògùn kankan kọ́. Mọ̀mí gbé agolo oúnjẹ ẹja lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lórí omi lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi asẹ́ kó o jáde. Ó gbà ju oṣù kan lọ kí omi tó yí padà, bàbá sì ń bá mi jà ní gbogbo àkókò yẹn pé mo ń febi pa ẹja òun. Ẹja kankan ò kú.

Oúnjẹ nìkan kọ́ o. Omi ìfọṣọ tó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹdù kọjá, ọṣẹ òyìnbó míì ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú. Ewé máńgòrò tó ń já bọ́ síbẹ̀. Ajílẹ̀ tẹ́ ẹ da sídìí òdòdó tó wà lókè pọ́ǹdù. Àti òjò àkọ́rọ̀! Òjò àkọ́rọ̀ yẹn máa ń gbá gbogbo àgbàlá: ìgbẹ́ ewúrẹ́, ìgbẹ́ adìyẹ, eruku oṣù mẹ́rin, ó ń kó gbogbo ẹ̀ bọ́ síbi tó bá rẹlẹ̀ jù. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ gbé etí pọ́ǹdù yín ga kúrò nílẹ̀, ó kéré tán kó ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí omi ilẹ̀ má lè wọ̀ ọ́. Èyí tí mo bá mọ lónìí, mi ò jẹ́ kó rẹlẹ̀ mọ́, bí onílé bá tiẹ̀ ní ó ba ẹwà ẹ̀ jẹ́.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sì wà. Àwọn kan máa ń fà gbogbo omi dànù, wọ́n á da tuntun sí i, wọ́n á ní àwọn ti parí iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti padà. Kí nìdí? Omi ni wọ́n fà, wọn ò kó ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ni ewé omi kó owó ẹ̀ pamọ́ sí. Ẹ kó ẹrẹ̀ náà, ẹ gbé e lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ ó rí ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ṣe. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ omi, ìdá kan nínú mẹ́rin tó lẹ́ẹ̀kan.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí. Ọ̀rọ̀ nípa oògùn.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ olóko kòkó tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ ò ní gbàgbé oògùn aláwọ̀ aró yẹn, èyí tí wọ́n fi ń fín kòkó nígbà òjò kí èso má baà dúdú. Copper sulphate ni orúkọ ẹ̀. Ó máa ń pa ewé omi lóòótọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkùnrin kan gbé pọ́ǹdù ẹ̀ fún mi, ó ní ìnáwó ń bọ̀ ní Sátidé, òun ò fẹ́ kí àlejò bá omi bẹ́ẹ̀. Mo bu oògùn bàbá mi. Mi ò wọ̀n ọ́n, ọwọ́ ni mo fi bù ú. Mo pò ó, mo wọ́n ọn ká orí omi.

Lọ́jọ́ kejì, omi ti ń là! Ọ̀gá náà fi mọ́ọ̀tì tútù dá mi lọ́lá. Mo rìn lọ bí ẹni tó gba oyè.

Lọ́jọ́ kẹta, ilẹ̀ ò tíì mọ́, fóònù dún. Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo ẹ̀pìyà ti dojú ikùn sókè, funfun báláú, bí abọ́ tí wọ́n kó sílẹ̀ fún fífọ̀. Àrọ̀ méjì péré ló ń yí lábẹ́ wọn. Mo san owó ẹja náà. Owó ò tó nǹkan lára ìtìjú, torí àwọn àlejò ti ń ta àgọ́.

Mi ò mọ ohun tí mo ṣe nígbà náà. Mo ti wá mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà méjì ni mo gbà pa wọ́n. Omi òjò láti orí páànù ló kún pọ́ǹdù ọkùnrin yẹn, kò sí ẹfun kankan nínú ẹ̀. Nínú irú omi rírọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ́pà a máa mú ẹja gan-an bó ṣe ń mú ewé. Ọ̀nà kejì ni pé nígbà tí gbogbo ewé yẹn kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ohun tó bá sì ń jẹrà nínú omi a máa jẹ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ tán.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ́síjìn yìí, torí òun ló ń pa ẹja ju oró lọ. Ní ọ̀sán, ewé omi ń tú ọ́síjìn sínú omi, ara ẹja á yá. Bílẹ̀ bá ti ṣú, kò tú nǹkan kan mọ́, òun náà á máa fà á bí àwa tí à ń mí. Òru gùn. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìdájí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgbà yẹn lẹ máa rí ẹ̀pìyà tí wọ́n gbé ẹnu sójú omi, tí wọ́n ń pa á dé tí wọ́n ń là á. Àwọn ọmọ á ní ẹja ń kọrin. Orin kọ́! Àrọ̀ ní ohun tó fi lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tí méjì yẹn fi yè. Ẹ̀pìyà ò ní in.

Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ bí pọ́ǹdù òun ṣe ń ṣe, kó má lọ wò ó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àlejò. Ìdájí ni kó lọ. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ ohun kan tó ń ya mí lẹ́nu: gbogbo wa la ní fáńtéènì tó ń tu omi sókè, à ń tan án lọ́sàn-án kí àwọn èèyàn lè wò ó, à ń pa á lóru torí kò sẹ́ni tó ń wò. Òru ni ẹja nílò ẹ̀! Iná ìjọba kọ́ ni mo ń sọ, mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ sọ ọ́. Sólà kékeré tó ní bátìrì lè ṣe é. Bí kò bá sì sí rárá, tí ẹ bá bá ẹja lójú omi ní ìdájí, ẹ mú korobá, ẹ bu omi náà, ẹ máa dà á padà láti òkè kí ó máa hó. Apá á ro yín, ẹja á yè.

Bíliìsì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ ibẹ̀. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń jù sínú kànga, a máa jẹ́ kí omi là, àmọ́ a máa mú omi kan sí i, nínú omi rírọ̀ ó lè pa ẹja. Kí ni mo fẹ́ sọ sí i lórí ìyẹn? Ẹ fi sílẹ̀.

Èyí tó ní oró

Mo ní mo máa padà sórí ìkẹta. Ó kúrú, àmọ́ ẹ má ṣeré pẹ̀lú ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá jí lọ́jọ́ kan, tẹ́ ẹ rí i pé ohun kan bo igun pọ́ǹdù bí ọ̀dà ilé tó dànù, àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ aró, tí atẹ́gùn ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì ń rùn, ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Ẹ má jẹ́ kí ajá tàbí ewúrẹ́ mu níbẹ̀. Irú ewé omi yìí kì í tilẹ̀ ṣe ewé gidi, ẹbí bakitéríà ni, òmíràn nínú wọn a sì máa tu oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Síse omi náà ò ràn án.

Ní ọdún 1996, nílùú Caruaru ní Brazil, omi tí oró yìí wà nínú ẹ̀ ni wọ́n lò fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú kíndìnrín. Ó lé ní àádọ́ta èèyàn tó kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní Toledo ní Amẹ́ríkà, ìjọba ní kí èèyàn tó lé ní 400,000 má mu omi ẹ̀rọ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, torí pé ohun yìí kan náà bo etí adágún Erie níbi tí wọ́n ti ń fa omi wọn. Kí ló sì bọ́ ọ títí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ajílẹ̀ tó ń ṣàn kúrò lóko àwọn àgbẹ̀. P yẹn náà ni.

Ojú oró

Àwọn bàbá wa ní, ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. A máa ń fi ṣe àdúrà ìlékè ọ̀tá. Èmi kì í ṣe babaláwo, ẹ má bi mí ní ìjìnlẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pọ́ǹdù, ẹ wò ó: ta ni ọ̀tá tí ojú oró, ewéko tó ń léfòó yẹn, ń lékè ẹ̀ nínú omi? Ewé omi ni! Ó na ewé ẹ̀ sórí omi, ó gba oòrùn mọ́ ọn lójú. Ó fi irun gbòǹgbò sísàlẹ̀, ó gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́ ọn lẹ́nu. Ìmọ́lẹ̀ ò sí, oúnjẹ ò sí. Kí ló kù fún un?

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ wá ojú oró bí ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ fọ gbòǹgbò ẹ̀ dáadáa kí ẹ má baà kó ẹyin ìgbín omi wọlé, torí àwọn ìgbín odò kan ló ń gbé àìsàn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kiri. Ẹ jù ú sínú pọ́ǹdù. Ẹ ò ní gbìn ín, ẹ ò ní bomi rin ín. Ó máa bímọ fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bo tó ìdajì ojú omi, bó bá pọ̀ jù ìdá méjì nínú mẹ́ta. Òṣíbàtà nínú ìkòkò amọ̀ tẹ́ ẹ gbé sísàlẹ̀ á tún bá a ṣe é, òun sì ní òdòdó tó dùn ún wò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n máa ń fi í sílẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa kó lára ẹ̀ jáde. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó fà mu wà nínú ara ẹ̀, bẹ́ ẹ bá kó o jáde, ẹ ti kó ajílẹ̀ jáde. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó kú sínú omi, ẹ ti dá a padà. Mo ti rí pọ́ǹdù kan tí ojú oró bò pátápátá débi tí adìyẹ rò pé ilẹ̀ ni. Adìyẹ náà rí i pé ilẹ̀ kọ́. Bó bá bo gbogbo ẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà wọ omi. Ẹ̀fọn kan sì tún wà, Mansonia, tí ọmọ ẹ̀ máa ń gún gbòǹgbò ojú oró láti fi mí, kò ní wá sójú omi kí ẹja rí i jẹ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kó di igbó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ewéko orí omi olódòdó àlùkò nì tàn yín, èyí tí wọ́n ń pè ní water hyacinth. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìlàjẹ tó bá wà níbí mọ ohun tí mo ń sọ. Láti ọdún 1984 tó ti gba odò Bàdágìrì wọlé, ó ti dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ojú omi, ó ti bo àwọ̀n apẹja. Ojú oró náà, bẹ́ ẹ bá kó o jáde, ẹ má lọ jù ú sínú odò. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù

Ẹni kan ti fi ìwé ránṣẹ́ sí mi níbí pé iná UV ńkọ́. Ó dára, omi á máa gba inú ẹ̀ kọjá, á máa pa èyí tó pò mọ́ omi. Èyí tó lẹ̀ mọ́ òkúta kì í kọjá níbẹ̀, kò lè mú un. Kò sì kó P kankan jáde. Èyí tó dà bí irun, igi lẹ máa fi yí i, ọwọ́ lẹ máa fi fà á. Kò sí ọ̀nà ẹ̀tàn.

Àwọn ará Bìrìtéènì máa ń so pòròpórò báálì, ọkà kan lọ́dọ̀ wọn, mọ́ inú omi. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àbúrò mi tó ń gbé lọ́hùn-ún. Wọ́n ní a máa dín ewé tuntun kù bó bá ti jẹrà díẹ̀, kì í pa èyí tó wà nílẹ̀. Pòròpórò àgbàdo tiwa? Èmi ò dà á sí tèmi.

Asẹ́ omi yín ńkọ́? Omi pọ́ǹdù fúnra ẹ̀ ni kí ẹ fi ṣan án, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tó ní kílórìnì, torí àwọn bakitéríà tó wúlò ń gbé inú ẹ̀.

Ẹ ká apá aṣọ yín

Alága ń wo aago, mo rí i. Ohun kan ló kù, mi ò sì ní sọ ọ́ lórí ìdúró yìí.

Ní ọdún 1865, àlùfáà Àgùdà kan ní Ìtálì, Angelo Secchi, tó jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, so àwo funfun mọ́ okùn, ó ń sọ ọ́ sínú òkun láti inú ọkọ̀ Póòpù, ó ń wo ibi tí àwo náà máa jìn dé kí ojú tó pòfo lórí ẹ̀. Títí di òní, àwo yẹn ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn bí omi ṣe là tó. Àwo ò sí lọ́wọ́ wa. Ìgbọ̀nwọ́ wà.

Ẹ ó na ọwọ́, ẹ ó la àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ ó tì í wọ inú omi díẹ̀díẹ̀. Bí omi ò bá tíì dé ìdajì ọ̀nà ìgbọ̀nwọ́ yín tí ẹ ò rí àtẹ́lẹwọ́ yín mọ́, ewé omi ti pọ̀ jù, ẹ lọ wá ẹni tó ń bọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ìgbà tí omi fẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́ gan-an ni àtẹ́lẹwọ́ pòórá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹja yín ń gbádùn. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá rì tẹ́ ẹ ṣì ń ka ìka yín, ẹ lè ya fọ́tò fún àwọn ọmọ lókè òkun.

Pọ́ǹdù kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, mo yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí mo ń bọ̀. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí. Bàbá tó nawọ́ lẹ́ẹ̀kan pé omi tòun tòrò, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ bá wọn di agbádá mú.